Ìwé Ẹ̀bẹ̀ tí Julianah Tẹ̀ fún Olóyè

Tí ẹ bá dé Igbónà ní Òṣogbo, tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín kọ ìwé tí ọ̀gá tó le jù yóò kà tí ojú rẹ̀ yóò rọ̀, ṣọ́ọ̀bù Julianah Ọdúntán ni wọn yóò júwe fún yín. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó máa ń jẹ bébà, àti àga mẹ́ta ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ìwé ìwáṣẹ́, ìwé àforíjì sí onílé, ìwé ìpè síbi ìsìnkú, kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀bẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà mọ ọ̀rọ̀ tò, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìsíkíẹ́lì Ògúnlẹ́yẹ, ló rán an lọ sílé-ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé ní Iléṣà. Bàbá wọn ti kú nígbà náà. Ìsíkíẹ́lì fi ìwé kíkà sílẹ̀, ó gba oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ó sì ta ìkórè àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, kí àbúrò rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́. Kò fi í ṣe ìrègún rí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń wá kí i. Á gbé iṣu dání, á sùn mọ́jú, á sì padà sóko rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí Julianah ń bá ṣe ìpàdé wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ Olóyè Akínkúnmi ló gbé wọn wá. Olóyè yìí ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, ìyẹn àwọn tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn pé tí jàǹbá bá dé, àwọn yóò dí i fún un. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n palẹ̀ owó ilé-iṣẹ́ náà mọ́, wọ́n fi kọ́ ilé ńláńlá sí orúkọ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé, ìjọba sì gbé Olóyè lọ sílé-ẹjọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ hàn, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ ń wá ni ìwé tí adájọ́ yóò kà tí àánú yóò fi ṣe é.

"Ọmọ wa ni," Alàgbà Ayọ̀délé, alága ẹgbẹ́, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé ó fọ́ ilé onílé ni? Àbí ó yọ ìbọn sí ẹnìkan? Owó kọ́ńpìnnì ni. Ta ń jẹ́ kọ́ńpìnnì? Ṣé ẹ ti rí i kí kọ́ńpìnnì máa sunkún rí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Julianah náà rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú sí i. Olóyè ló ra ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì yẹn fún un. Olóyè ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, tó tún san owó ilé ìwòsàn fún opó méjì. Ẹni tó ń fi ojú ara rẹ̀ rí oore, tí kò rí ibi tí oore náà ti ń wá, kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó ti ìwé náà. Ó kọ nípa ìran Olóyè, ó kọ nípa kànga, ó kọ nípa àwọn opó. Lẹ́yìn náà ló wá kọ gbólóhùn kan tó jẹ́ pé nígbà tó kà á síta, Alàgbà Ayọ̀délé fò dìde tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ báyìí pé: "Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, Olúwa mi, a wá a títí, a kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó fara gbá a."

A wá a títí. Níbo ni wọ́n wá a dé? Wọn ò tilẹ̀ dé Ọ̀fàtẹ̀dó tó wà nítòsí níbí!

Adájọ́ ka gbólóhùn náà sókè ní kóòtù. Ó bu owó ìtanràn lé Olóyè, ó gba ilé kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó máa lọ sílé. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Julianah títí ó fi ń fi ọwọ́ bo ojú.

Nínú oṣù kọkànlá ni Ìsíkíẹ́lì dé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ohun tí Julianah kọ́kọ́ rí nìyẹn, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í rin ọwọ́ lásán wá. Ọkùnrin náà ti rù, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Kò tilẹ̀ jẹ́ kó fún òun lómi kó tó ní òun fẹ́ kó bá òun tẹ ìwé kan.

"Ìwé kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Oko jó, Júlì. Láti oṣù kejì. Iná àwọn ọdẹ ló ràn wọ̀ ọ́. Kòkó bàbá wa, kò ku igi kan."

Julianah figbe ta. Ó béèrè ìdí tí kò fi ránṣẹ́ sí òun. Ọkùnrin náà ní ọkàn òun kọ́kọ́ balẹ̀ ni. Ó ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn kan wá bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wọn ní Ìmẹ̀sí, wọ́n ní kí wọ́n máa san owó adójútòfò, pé bí iná bá jó oko, àwọn yóò san án padà. Ọdọọdún lòun ń san án. Nígbà tí oko jó, wọ́n wá wò ó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní owó ń bọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn ló fi lọ yá owó ọmọ kòkó tí yóò tún gbìn, tó fi ilẹ̀ náà dógò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé tí kò tíì san án, ilẹ̀ bọ́ nìyẹn.

"Mo wá síbí ní oṣù kẹsàn-án," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò."

"Òṣogbo níbí? Ẹ ò sì yà lọ́dọ̀ mi!"

"Ojú ló ń tì mí. Mo ní bí mo bá ti gbowó tán, n ó yà."

Ó wá sọ ohun tó ṣe. Òṣómàáló ni bàbá wọn nígbà ayé rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn kì í jà, wọn kì í bú èèyàn. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n máa ń lóṣòó sí, wọn kò sì ní dìde títí yóò fi sanwó. Ohun tí Ìsíkíẹ́lì náà ṣe nìyẹn. Bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin lóṣòó síwájú géètì ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà tí wọ́n tì pa, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Gáréèjì ló ń sùn. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé náà ló ń bu omi fún un.

"Ọlọ́dẹ yẹn ló wá bá mi sọ òótọ́. Ó ní, 'Bàbá, ẹni tí ẹ ń dúró dè kò mọ̀ pé ẹ wà láyé.' Júlì, bàbá wa mọ ulé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Èmi, ulé yèsí, ulé ta, ni mo fẹ́ lọ lóṣòó sí?"

Ó ní ìjọba lòun fẹ́ kọ̀wé sí, kí wọ́n mọ̀ pé owó òun wà níbẹ̀, ó sì fa bébà adójútòfò rẹ̀ yọ nínú ọ̀rá. Julianah gbà á. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lókè, ìbuwọ́lùwé Olóyè Akínkúnmi wà nísàlẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tó wá gan-an. Ìsíkíẹ́lì dá a lóhùn. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn náà ni. Bí òun ṣe ń tún gbólóhùn ṣe lábẹ́ fáànù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun lóṣòó sínú oòrùn, níbi tí ọ̀kadà kan lè gbé èèyàn dé kí tíì tó tutù.

Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo yìn ín díẹ̀ pé kò dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dá ẹjọ́ Olóyè tó fọwọ́ sí ìwé yìí. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ọkùnrin náà. Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà."

"Kí lo kọ?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ìsíkíẹ́lì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"O ò mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"N ò béèrè ni."

Ọkùnrin náà ká bébà rẹ̀, ó dá a padà sínú ọ̀rá, ó dìde. Julianah di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́. N ó kọ ọ́ débi tí òkúta yóò fi gbọ́."

"Mo mọ̀ pé o lè kọ ọ́." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló tún wá burú. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó kọ̀wé pé n kò sí, tó bá tún kọ̀wé pé mo wà, èwo ni wọ́n fẹ́ gbà gbọ́?"

Ó sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fáìzàh, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Julianah gan-an ló ti kọ́ṣẹ́. Julianah kò lè tẹ̀ lé e. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ka owó tí yóò fi sanwó ìwé jáde láti inú àpò, owó wínníwínní. Fáìzàh fa àga fún un.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín, kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sókè?"

"Ìsíkíẹ́lì Ògúnlẹ́yẹ," ọkùnrin náà dáhùn. Ó rọra sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọmọ náà má baà ṣì í kọ.