Igbá Alápá Márùn-ún

Òórùn kánfọ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde nígbà tí mo ṣí àpótí ìyàwó mi. Òórùn yẹn ló máa ń wà lára aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọdún. Mo ti máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé kòkòrò kankan kò jẹ́ sún mọ́ ọn, àfi èmi. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àwọn ọmọ ní kí n jẹ́ kí àwọn bá mi kó ẹrù ìyá wọn jọ. Mo ní rárá, èmi ni n óò kó o. Lábẹ́ àwọn ìró àti ìborùn ni mo ti bá igbá kan tí a fi aṣọ nọ́ọ̀sì funfun wé. N kò tíì tú aṣọ náà tí mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá mi ti fa ìlà sí igbá náà lára, èmi ni mo sì di okùn mú.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Ọ̀yọ́ ni ilé wa, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń lọ sí ilé ìwé. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo ń gbé, nínú agbo ilé kan lẹ́yìn oríta Takie, níbi tí igi máńgòrò mẹ́ta ti bo àgbàlá tí oòrùn kì í fi í rí wa kó tó di ọ̀sán. Bí ọyẹ́ bá dé, ètè wa a máa sán, ẹsẹ̀ wa a sì funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú èlùbọ́. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń gba Sábó kọjá láàárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn, nítorí àwọn obìnrin Hausa tó ń dín màsà, àkàrà ìrẹsì wọn, níbẹ̀. A kì í rà. Òórùn rẹ̀ là ń jẹ, ó sì máa ń gbé wa dé ìsinmi àkọ́kọ́.

Tíṣà wa ní kíláàsì kẹta jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ ṣòkòtò kan náà láti Mọ́ńdè dé Fráìdè. Nígbà-Wo ni a ń pè é lẹ́yìn. Bí o bá sọ fún un pé o fẹ́ di dókítà, kò ní yìn ọ́, kò sì ní bú ọ. Yóò kàn tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ní, "Nígbà wo?" Bí o bá ní ó di ọdún mẹ́wàá sí i, yóò ní, "Ọdún mẹ́wàá jìnnà. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba dókítà àti lọ́yà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a sì jókòó láìní nǹkan kan.

Ọdún yẹn ni a óò yan ohun tí a óò máa kọ́ ní kíláàsì àgbà. Nígbà-Wo ní kí olúkúlùkù kọ ibi tí ó ń lọ sínú ìwé, kí ó kọ ìgbésẹ̀ tí yóò gbé e débẹ̀, kí ó sì kọ ìgbà tí yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kò ní ibi tí mo ń lọ. N kì í ṣe ọ̀lẹ, mo sì mọ ìwé níwọ̀n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Nígbà tí àkókò fẹ́ẹ́ tán, mo wo ìwé ọmọbìnrin tó jókòó tì mí, mo sì da gbogbo rẹ̀ kọ. Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ránṣọ ní Takie.

Ọjọ́ kejì, Nígbà-Wo ka ti Àṣàkẹ́ sókè, ó sì ka tèmi lé e. Ó gbójú sókè. "Ìwọ náà fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí? O fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Ìkòyí-Ilé?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Àbíyè, ẹ kú iṣẹ́ o!" Orúkọ yẹn bá mi gbé títí ọdún fi parí. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ènìyàn lè jí ẹ̀wù ẹlòmíràn wọ̀ kí ó bá a mu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè jí ibi tí ẹlòmíràn ń lọ. Ó ní bí a bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi tí n kò mú tèmi wá, ibi tí àyè bá ṣẹ́ kù sí ni òun yóò fi mí sí.

Mo rò pé Àṣàkẹ́ yóò bínú. Kò bínú. Lábẹ́ igi kaṣú ilé ìwé wa ni ó ti sọ fún mi pé ọmọ Ìkòyí-Ilé ni ìyá òun, ibẹ̀ ni ó lọ tí ọmọ fi mú un, mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì kú sójú ọ̀nà. "Ká ní ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe ni," ó ní, "màámi ì bá má kú." Kò sunkún. Ó ń já koríko bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó wá béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé bàbá mi ń fín igbá, ó sì fa ìwé tí ó kọ fún Nígbà-Wo yọ. "Bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwé máa ń ya."

Mo mú ìwé náà lọ sí Ọ̀yọ́ nígbà ìsinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá afíngbá gbé rí, ẹ ó rò pé ọ̀bẹ ni iṣẹ́ náà. Pẹ́ńsù ni. Bàbá mi kì í fi ọ̀bẹ kan igbá tí wọn kò bá tíì fa ìlà rẹ̀ tán, etí igbá ni wọ́n sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọnà yóò parí sí. Ní ìsinmi yẹn kan náà, mo jí igbá kan mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín aláǹgbá sí àárín rẹ̀ láìfa ìlà kankan. Orí rẹ̀ jáde dáadáa, ikùn náà jáde. Nígbà tó kan ìrù, igbá tán. Bàbá mi yí i síwá sẹ́yìn. "Aláǹgbá yìí, àgbàlá ta ló gbàgbé ìrù sí?" Títí wọ́n fi kú, bí mo bá ń ṣe wàdùwàdù, wọn yóò kàn ní, "Ìrù dà?"

Wọn kò mọ̀wé kà, nítorí náà èmi ni mo ka ìwé Àṣàkẹ́ sí wọn létí. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni: kí ó yege ìdánwò àṣejáde, kí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kí ó di nọ́ọ̀sì, kí ó kọ́ ìgbẹ̀bí, kí ó kọ́ ilé náà sí Ìkòyí-Ilé. Wọ́n ní àwọn yóò fa ìlà gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn yóò máa fín in, bó bá ti ń ṣẹlẹ̀. "Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, pẹ́ńsù là ń fi kọ ọ́. Igbá kì í parọ́."

Ìṣòro kan ló wá yọjú. Mẹ́rin ni bàbá mi máa ń pín igbá sí, tàbí mẹ́fà, ojú ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Márùn-ún kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fà á, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n nù ún. Mo mú okùn, mo fi yí etí igbá náà ká, mo gé e níbi tó ti pàdé, mo sì ń ká a títí ó fi pín sí ọ̀nà márùn-ún tó dọ́gba. Mo tẹ́ ẹ padà sí etí igbá, bàbá mi sì ń fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí mo bá tọ́ka sí. Nígbà tí ó parí, wọ́n wo igbá náà, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní ẹni tó lè pín igbá báyìí, yóò pín ilẹ̀. Mo rántí àwọn ọkùnrin tó fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn ojú ọ̀nà wa, tí mo tẹ̀lé fún odindi ọjọ́ kan láìjẹun. Ara igbá Àṣàkẹ́ ni mo ti rí ibi tí mo ń lọ.

Nígbà tí a wọlé, mo kọ ọ́ pé awọnlẹ̀ ni n óò dà. Nígbà-Wo ní, "Nígbà wo?" Mo dá a lóhùn. Ó ní, "Ní ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?" Mo dá a lóhùn.

Gbogbo ohun tí mo kọ ló ṣẹ. Mo di awọnlẹ̀, mo sì fẹ́ Àṣàkẹ́. Bàbá mi fín ìwé sí apá kìíní igbá rẹ̀, wọ́n fín ilẹ̀kùn sí ìkejì, àtùpà nọ́ọ̀sì sí ìkẹta, ọmọ ọwọ́ sí ìkẹrin. Iṣẹ́ mi gbé wa lọ sí Kàdúná, ó gbé wa lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó gbé wa lọ sí Àbújá. Ní gbogbo ibẹ̀ ni Àṣàkẹ́ ti gbẹ̀bí, nínú ilé ìwòsàn ẹlòmíràn. A ra ilẹ̀ sí Ìkòyí-Ilé. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n, mo sì ri òpó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àṣàkẹ́ dúró láàárín ilẹ̀ náà, ó ní, "Nígbà wo?" A jọ rẹ́rìn-ín, nítorí tíṣà wa. Mo ní, "Láìpẹ́."

Kí bàbá mi tó kú, wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ wọn tó kéré jù. Wọ́n ní ti apá karùn-ún ni. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ìgbéga mìíràn dé, a tún kó lọ. Àṣàkẹ́ bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún bi mí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà kò bi mí mọ́, mo sì rò pé ó ti gbàgbé. Kí n sọ òótọ́: ó rọ̀ mí lọ́rùn láti rò bẹ́ẹ̀. Àìsàn tó mú un lọ kò fún wa ní oṣù mẹ́ta.

Mo tú aṣọ funfun náà. Ọnà apá mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n ti pọ́n, wọ́n ń dán. Ilé kékeré kan ni ó wà ní apá karùn-ún, pẹ́ńsù ni. Ó yẹ kí pẹ́ńsù ọgbọ̀n ọdún ti parẹ́. Kò parẹ́. Ó dúdú kirikiri, ìlà lórí ìlà, bí ohun tí ènìyàn ń tún fà lọ́dọọdún. Nígbà tí mo gbọn aṣọ náà, kùkùté pẹ́ńsù kan bọ́ sílẹ̀, kò gùn ju èékánná mi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí Ìkòyí-Ilé. Ọ̀nà ti dára ju ti ìgbà tí ọmọ mú ìyá Àṣàkẹ́ lọ. Kò sí igi kaṣú mọ́ ní ilé ìwé wa tí mo yà wò, àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì gbọ́ orúkọ Nígbà-Wo rí. Koríko ti bo ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ibi tí mo rì wọ́n sí. Mo mọ iṣẹ́ mi.

Ní àná, ọmọbìnrin mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ilẹ̀ Màámi ṣe?" Mo ní a óò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí síbẹ̀. Kò mọ tíṣà wa, n kò sì sọ ìtàn yìí fún un rí.

"Nígbà wo, Bàbá?"

Igbá náà wà lórí itan mi. Mo mú kùkùté pẹ́ńsù Àṣàkẹ́, mo dárúkọ oṣù tí a óò fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún un, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ ilé kékeré inú apá karùn-ún bí mo ti ń sọ ọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ọ̀bẹ bàbá mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. N kò tíì fọwọ́ kàn án.