Fìmísílẹ̀ Re Ìbàdàn Nínú Kúlà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún nígbà tí mo gbé òkú ajá wa jáde, nínú kúlà tí Màámi máa ń kó mínírà sí lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Yìnyín ni mo tò yí i ká. Fìmísílẹ̀ ni Màámi sọ ajá náà, kí Ìyá Rúkà, opó tó háyà yàrá iwájú nílé wa, lè máa gbọ́ ọ nígbàkigbà tí a bá ń pè é. Ajá náà ò mọ ìjà kankan. Adìẹ Ìyá Rúkà ló ń pa jẹ ní tiẹ̀.

Nígbà tí ajá náà bi ẹ̀jẹ̀ tó sì kú, Màámi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ní Ìyá Rúkà ló fún un ní májèlé, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé. Ní tiwa, a kì í wá àìsàn kiri: ẹni tó bá ọ jà kẹ́yìn ni àìsàn náà. Ìyá Rúkà di ẹrù, ṣùgbọ́n ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n la ajá yìí wò. Bí wọ́n bá bá májèlé, n óò lọ. Bí wọn ò bá bá a, mi ò ní ibòmíì tí mo fẹ́ lọ." Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé òkú ajá lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko n'Íbàdàn nìyẹn.

Ní gáréèjì, mo san owó ìjókòó méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún òkú.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ni dírẹ́bà bi mí.

"Ẹran ni, sà."

"Ẹran ìgbẹ́ àbí ẹran ilé?"

"Ẹran ilé ni."

Màmá kan tó jókòó tì mí ní kí n gé díẹ̀ tà fún òun. Mo ní ó ti ní oníbàárà. Láti Ọ̀tan Ayégbajú dé Ìréè, kò gbójú kúrò lára kúlà, bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà ń yẹ kòtò bí ẹni ń yẹ ẹni tó jẹ ní gbèsè. Ní Òṣogbo mo wọ ọkọ̀ mìíràn, nígbà tí a dé Ìkirè, mo ra dòdò wọn, èyí tó dúdú tó sì ta lẹ́nu. Orí kúlà ni mo ti jẹ ẹ́.

Ní ilé ìwòsàn náà, wọ́n kọ "Pátọ́lọ́jì" sára ilẹ̀kùn kan. Iṣẹ́ àwọn tó ń wo ẹ̀yà ara láti mọ àrùn tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹṣin olówó kan wà lágbàlá, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, arábìnrin kan sì ń sunkún lórí ológbò. Ní Ìlá, ológbò tó bá ṣàìsàn mọ̀ pé òun ló máa tọ́jú ara òun.

Dókítà náà, obìnrin tó wọ bọ́ọ̀tù rọ́bà, la Fìmísílẹ̀. Kò bi mí ẹni tó bá wa jà. Ó fi àpòlúkù hàn mí: egbò kún un, ó sì ti lu.

"Májèlé ni, mà?"

"Rárá. Oògùn wo lẹ ń fún un?"

"A ò fún un ní nǹkan kan."

"Ẹ pe ilé ná."

Mo pe Màámi. "Oògùn kẹ̀? Mi ò fún un ní oògùn kankan. Àfi ti oríkèé ríro tí Túndé kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ṣebí ajá ń tiro. Inú mọ́ínmọ́ín ni mo ń fi sí fún un, láàárọ̀ àti lálẹ́."

Túndé ni ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá ti wá ṣọdún, oògùn ló ń pín bíi súùtì, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ohun tó wà fún.

"Oògùn èèyàn ló dá ikùn ajá yín lu," ni dókítà wí. Ó gé díẹ̀ sínú ìgò láti tún un wò lábẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò retí ohun mìíràn. Ojú tì mí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Orí ẹrù rẹ̀ ni Ìyá Rúkà jókòó sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn méjèèjì.

"Túndé ló pa á nìyẹn," ni Màámi wí, ó sì wọlé lọ. Mo kọ́ nínú ìrìn àjò yìí pé èèyàn lè gbé òkú ajá dé Ìbàdàn kó mọ ohun tó pa á. Àtimú ìmọ̀ náà wọ ilé wa ló ṣòro. Màámi jáde padà pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́.

"Ìyá Rúkà, ẹ tú ẹrù yín. Ẹ má bínú. Ẹ gba èyí fún orúnkún tó ń dùn yín, ti Lọ́ńdọ̀nù ni."

Ìyá Rúkà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ẹ ṣeun, Màámi. N óò bá yín fi pamọ́ de ajá tí ẹ máa rà."