Erùpẹ̀ Ìlerò

Wọn kò tíì pe ìrun Àsùbáà nígbà tí mo jáde nílé wa n'Íbàdàn, mo gbé báàgì aṣọ ìyàwó mi tó kú dání. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìlerò ni mo fẹ́ kó o fún. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe mí kí n tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ọwọ́ ara mi wa erùpẹ̀ bo ìyàwó mi, n kò lè kírun mọ́. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi á wúwo. Ó ń tì mí lójú, nítorí ọmọ àáfà ni mí.

Ọkọ̀ wa gba Ọ̀yọ́ dé Ìsẹ́yìn. Bí a ṣe ń lọ ni igi ń dínkù, tí koríko gbígbẹ ń pọ̀ sí i, tí ọyẹ́ sì bo òkè lójú. Ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, mo ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, ẹyọ kan ní igba náírà. Díndín la máa ń jẹ ẹ́ nílé, ṣùgbọ́n tútù ni ó bù ú fún mi láti inú omi rẹ̀. Kò dùn lẹ́nu mi. Kò sóhun tó ń dùn lẹ́nu mi lásìkò yẹn.

Mo wọkọ̀ dé Òkèhò, mo wá gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà eléruku.

Ọlọ́kadà ní, "Alàájì, ẹrù yìí mà pọ̀ o! Ṣé ìyàwó lẹ ń lọ gbé ní Ìlerò ni?"

"Mo ti gbé e tipẹ́. Ó ti kú. Ẹrù rẹ̀ ni mo ń dá padà."

Nígbà tí a dé, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó sì bá mi gbé báàgì náà wọlé.

Ìyá ìyàwó mi kò tú báàgì náà. Ó gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ jẹ́ ká lọ sóko. Oòrùn ń pa èbù iṣu mi."

Wọ́n ti gbin èbù. Koríko gbígbẹ ló kù tí a ó fi bo orí ebè, kí a sì fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Bí ọwọ́ mi ṣe kan erùpẹ̀ báyìí, sàréè ìyàwó mi ló wá sí mi lọ́kàn. Mo sáré lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì omi tó wà lábẹ́ igi emi, mo sì ń fọwọ́ títí omi fi tán.

Nígbà tí Màmá wá ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. N'Íbàdàn, ẹ̀rọ la ó yí. Níbẹ̀, odò ti gbẹ, ilé sì jìnnà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo lò ó tán. Erùpẹ̀ ni mo ń fọ̀."

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, ó fi pa ojú àti ọwọ́. Tayámọ́mù là ń pe èyí, àlùwàlá aláìlómi.

Ó ní, "Ó kàn yín. Ilẹ̀ yìí kan náà ló gba ọmọ mi. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, ẹ ò ní gbé ọmọ mi fún un."

Mo kúnlẹ̀. Erùpẹ̀ náà gbóná. Mo fi kan ojú mi, omijé sì pò ó mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi ni mo síwájú láti kírun, Màmá dúró lẹ́yìn. Mo ṣi ibì kan kà nínú, mo tún un kà. Ewé emi nìkan ló ń dún lókè wa.

N kò ní purọ́ fún yín, ìbànújẹ́ mi bá mi padà wálé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé mo lè gbé e dání kí n sì forí kanlẹ̀.

Kúdí, ọmọ wa, ló ṣílẹ̀kùn fún mi.

"Kúdí, bá mi gbé omi àlùwàlá wá."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kírun ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Búútà méjì ló gbé wá, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ara rẹ̀.