Jẹnẹrétọ̀ Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ìyá mi ti foríji ọkùnrin náà. Ìyẹn kàn án, kò kàn mí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Ilé kan náà ni èmi àti ọkùnrin náà jọ ń gbé ní Ogida, lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, òun ń ta ẹja inú fírísà. Ọmọ ìlú kan náà ni wá, òun sì ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Benin. Ó fẹ́ràn kí àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ máa dọ̀bálẹ̀ kí òun. Bí èèyàn bá kàn tẹríba díẹ̀, á ní ilé ẹ̀kọ́ ti ba onítọ̀hún jẹ́.

Òun ló kọ́kọ́ ra jẹnẹrétọ̀ nínú ilé náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé e síta kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Láti ọjọ́ kejì, nítorí olè, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń tàn án sí, pẹ̀lú ṣéènì tó fi so ó mọ́ irin fèrèsé. Ariwo nìkan ni ọ̀pọ̀ wa rò pé ó jẹ́ wàhálà ẹ̀rọ yìí, a ò mọ̀ pé ẹ̀fin rẹ̀ ń pààyàn. Mo ṣáà sọ fún un pé kó gbé e síta. Ó béèrè bóyá èmi ni màá bá òun lé olè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ńlá ń rọ̀, iná ìjọba lọ. Ìyá mi, tó wá kí mi láti ilé, ń sùn nínú yàrá mi. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì nítorí òjò, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì wà ní títì. Alága tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó bọ́ sábẹ́ páànù iwájú ilé, ó ń gba atẹ́gùn. Nígbà tí mo wọlé láti ṣọ́ọ̀bù wá mú súwẹ́tà, mo bá ìyá mi nílẹ̀, ó ti bì sórí ẹní. Mo pè é, ó ń wò mí, kò mọ̀ mí. Mo wọ́ ọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà jáde sínú òjò. Afẹ́fẹ́ ló jí i. Ní ọsibítù, wọ́n ní ká ní mo pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú ni mi ò bá gbé.

Mo lọ bá Alága. Mi ò pariwo. Mo ní kó wá bẹ ìyá àgbà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀fin lásán ni," ó ní. "Bó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ra tiyín."

Ní ìlú wa, bí ewúrẹ́ rẹ bá fọ́ ìkòkò àgbàlagbà, wàá lọ dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi tó ìyá tó bí ọkùnrin yìí. Síbẹ̀, àárọ̀ àárọ̀ ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo búra pé ìyá mi ò ní padà sílé títí àyà ọkùnrin náà yóò fi kan ilẹ̀.

Mo gba àjọ mi, mo ra tèmi. Kí n sòótọ́, inú burúkú ni mo fi ṣe é dáadáa. Oníṣẹ́ iná kan ní Uselu ní kí n wo iye wáàtì, ìyẹn ìwọ̀n iná tí nǹkan ń jẹ, tó wà lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo fẹ́ tàn, kí n rò wọ́n pọ̀. Ó ní ohun tó bá ní mọ́tò nínú, bíi fírísà, lè fa ìlọ́po mẹ́ta iná rẹ̀ nígbà tó bá ń ta jí, nítorí náà kí n fi àyè sílẹ̀ fún un. Díráyà tí mo fi ń gbẹ irun nìkan ti jẹ iná tó pọ̀. Mo ra èyí tó tóbi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé e sí, jìnnà sí fèrèsé gbogbo èèyàn, mo kọ ẹnu ẹ̀fin rẹ̀ sí igbó. Páànù wà lórí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mi ò jẹ́ da bẹntiróòlù sí i nígbà tó bá gbóná. Mo ní kí wọ́n fi súìsì ńlá ya iná mi sọ́tọ̀ kúrò lára iná ìjọba, kó má baà gba orí wáyà lọ pa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí òpó. Onílé wa, ọmọ Ẹ̀dó, rìn yí ẹ̀rọ náà ká. "Madam, you try," ó ní. Ẹnu ọ̀nà Alága ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn òkè.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀rọ kékeré Alága ló ń gbé fírísà, tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti áyọ́ọ̀nù. Bí fírísà bá ti ta jí, ẹ̀rọ náà á kérora. Lọ́jọ́ kan, ó rùn bíi wáyà tó ń jó, ó sì kú. Ọ̀sẹ̀ náà ni tìráńsífọ́mà àdúgbò bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ náà sì ni ìpàdé ẹgbẹ́ kàn án. Ẹja rẹ̀ ń rọ̀.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, tó fi púlọ́ọ̀gì sí lórí méjèèjì. Ó pè mí ní àbúrò òun. Ó ní kí n bá òun gbé fírísà.

"Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀," mo ní. "Màmá wà nínú ilé."

Mo tẹ̀lé e wọlé. Ó dúró, ó tún dúró, lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ dáadáa tí ìyá mi fi ní kó dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un àti fún àwọn ọmọ rẹ̀. Inú bí mi sí ìyá mi lọ́jọ́ náà. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n fún un níná.

Mo fún un, fún fírísà nìkan. Mo ju wáyà olórí méjì rẹ̀ nù, nítorí iná orí kejì lè gbé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, mo ní kó lọ ra èyí tó nípọn tó lè gbé fírísà. Nígbà tí fírísà náà ta jí, ẹ̀rọ mi kùn díẹ̀, ó sì fara balẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dé sí yàrá Alága. Àtùpà kan ni wọ́n jókòó tì, wọ́n ń fi ìwé ìpàdé fẹ́ ara wọn, fáànù mi sì ń yí lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alága wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé ẹ̀rọ yẹn ò lè gbé gílóòbù kan ṣoṣo fún wa ni?"

Mo ti rò ó. Àyè tó kù lórí ẹ̀rọ mi tó gbogbo yàrá rẹ̀.

"Ó lè gbé e," mo ní, mo sì ti ilẹ̀kùn mi.