Àmì Tí Wọ́n Rì Sẹ́nu Ọ̀nà Wa ní Lafiaji

Màmá àgbà gbé àpótí ìdáná rẹ̀ jáde, ó gbé e ti sìmẹ́ńtì tútù tí àwọn ọkùnrin kan tó wá wọnlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ sẹ́nu ọ̀nà wa, ó jókòó, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há sìmẹ́ńtì náà mọ́ àárín. Wọ́n fẹ́ẹ́ ri ìṣó idẹ sínú rẹ̀.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ sàmì sí ilẹ̀ wa?”

Baba ńlá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà nígbà tó ti Brazil dé. Ní Lafiaji, a sì ti rí ilé tí wọ́n tà mọ́ onílé lórí.

Àgbà inú àwọn sọ́fíyọ̀ náà lóṣòó síwájú rẹ̀. “Ẹ má bínú, màmá. Kì í ṣe ààlà o. Bí ilẹ̀ yìí ṣe ga ju òkun lọ là ń wọ̀n, ká lè mọ ibi tí omi òjò máa gbà. Ara ìṣó yìí làwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ti máa wọ̀n.”

Ó ní kó wá wo inú awò tó wà lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Màmá àgbà di ojú kan, ó wò ó títí.

“Ọ̀pá tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí ni mo rí. Mi ò rí òkun.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tún ṣàlàyé: wọ́n ti wọ̀n ọ́n láti etí òkun, wọ́n ń gbé e bọ̀ láti àmì dé àmì. Màmá àgbà dìde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wọlé. Màmá àgbà ń rin àgbọn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ kú ilé, màmá. Èmi lọ̀gá àwọn tó wá wọnlẹ̀. Ẹ gbé ìwé ilé yín wá, ká fi wé àmì ìta yẹn.”

“Àmì kí ni?”

“Àmì ààlà yín ni, màmá.”

Ariwo àgbọn rírin dákẹ́.

“Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní kì í ṣe ààlà. Wọ́n ṣì wà lápá Onikan. Ẹ jókòó, ká ránṣẹ́ pè wọ́n.”

Ọkùnrin náà ní òun gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò. Kò padà wá mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn la gbọ́ pé ó ti gba ìwé ilé ìdílé kan ní òpópónà kejì. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo fura jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá àgbà kọ́ mi pé kí n bi ẹni rere ní ohun tí màá bi ẹni burúkú, torí ẹni rere ò ní bínú. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ lónìí, ojú èèyàn ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ.