Fíìmù Kan fún Àwọn Ẹyẹ Àbàtà

Ilé-iṣẹ́ aláṣọ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó dá òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ. Wọ́n ní owú àti aró tí àwọn ń rà láti òkè òkun ti kọjá agbára àwọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ lóko kòkó lẹ́yìn Ìkirè. Tíṣà ni èmi, Ọ̀tà ni ìjọba gbé mi sí. Bí ó bá lọ, èmi àti àwọn ọmọ ni yóò ṣẹ́ kù sínú yàrá kan tí a gbà ní Joju. Mo ti rí àwọn ọkọ tó lọ báyìí tí wọn kò padà mọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Ọ̀nà kan ló kù. Ọ̀gá kan tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ní Ṣàngó ń wá onífọ́tò tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́. Ó sọ fún ọkọ mi pé, "Mú ẹyẹ tó ń fò wá fún mi, kí n rí ìyẹ́ rẹ̀ kedere. Ẹni tó bá lè ya ìyẹn, kò sí ohun tí kò lè yà." Ọjọ́ Ajé ló ní kó mú un wá, nítorí ẹlòmíràn ti ń béèrè iṣẹ́ náà.

Kámẹ́rà wà nílé, ó sì ti pẹ́ tí ọkọ mi ti ń fi í ya ẹyẹ. Fíìmù ni kò sí. Aṣọ òkè tí ìyá mi fún mi ni mo gbé tà kí a tó rí ẹyọ kan rà.

Àwọn ènìyàn máa ń pe gbogbo ẹyẹ funfun ní lékeléke. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lékeléke ń tẹ̀ lé màlúù. Àwọn tí a fẹ́ lọ yà yìí, ẹsẹ̀ wọn gùn, wọ́n sì ń dúró sínú omi bí ẹni tó ń ronú. Wọ́n máa ń bà sí àbàtà kan lẹ́yìn ọgbà ilé-iṣẹ́ kan, níbi tí odò ti tàn kálẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn a kó lọ. Ojú ọjọ́ sì ti ń ṣú láwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn.

A lọ ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ọkọ mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ti kọ́ mi pé ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹyẹ na apá tán ti pẹ́ jù. Ìgbà tó bá ká orúnkún ni kéèyàn tẹ kámẹ́rà. Nítorí náà, orúnkún ẹyẹ ni mo ń wò, mo sì ń fọwọ́ kan ọkọ mi léjìká bí ó bá ti ká. Wọ́n ń gbéra, òun náà ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yíjú sí mi, ẹ̀rín ló ń rín. "Tíṣà," ó ní, "iṣẹ́ ti bọ́ sí wa lọ́wọ́."

Ibẹ̀ ni gáàdì ilé-iṣẹ́ náà bá wa. Olè ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ yàrá ẹrù wọn ni, ó sì gbà pé ògiri wọn là ń yà. A ní ẹyẹ ni. Ó ní ta ló ń ya ẹyẹ nígbà tí ebi ń pa ìlú, ṣé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é ni? Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un, ọmọ tí kò tó àbúrò rẹ̀. Gáàdì já kámẹ́rà gbà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa fíìmù jáde gbọọrọ, ó nà án sí oòrùn, ó ń wá àwòrán.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé ògiri wa lẹ yà ni."

Èmi ni mo ṣàlàyé fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, pé fíìmù tí a kò tíì fọ̀ kì í fi àwòrán hàn, àti pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó bi mí bóyá ó ṣeé tún ṣe.

Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí a padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwọ̀nba fíìmù tó ṣẹ́ kù nínú agolo rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, àbàtà ti ṣófo.

Mo bá ọkọ mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá náà lọ́jọ́ Ajé, mo rojọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó gbọ́ mi tán. "Ìtàn kọ́ ni mo ń tẹ̀, ìyá," ó ní. "Fọ́tò ni."

Ní gáréèjì Ṣàngó, níbi tó ti wọ ọkọ̀ Ìkirè, mo bi ọkọ mi pé ìgbà wo ni yóò padà. Ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ilé-ìwé sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ni mo béèrè. Mo tún ìbéèrè náà bi í, ọkọ̀ sì ti ń rìn.