Ohun Tí Wọ́n So Àmì Mọ́

Inú ìwé ìtàn àtijọ́ kan nípa àwọn atukọ̀ ojú òkun ni mo ti pàdé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, lagan. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní àdúgbò Agbalépédogan, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí. Bí ìjì bá le, tí ẹrù sì ní láti wọ omi, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á so ohun tó ń léfòó mọ́ orí okùn, kí ẹni tó ni ín lè padà wá fà á. Àwọn akéwì wá fi ń pe ohun tí ọkàn rì mọ́lẹ̀, tó sì ń retí àtimú padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi títí mo fi rántí bàbá mi.

Kpogan ni bàbá mi kọ́lé sí, létí òkun. Nígbà tó kú, inú yàrá rẹ̀ la sin ín sí, bí a ti ń sin àgbà nílé tiwa. Òkun jìnnà nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ó jẹ àwọn igi àgbọn, ó jẹ ilé ìdáná. Mo ní ká hú òkú bàbá lọ síbòmíràn. Màmá mi fárígá.

"Ṣé ẹni tó kọ́lé lo fẹ́ lé jáde nínú ilé?"

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, òkun gbé yàrá náà lọ tòun ti sàréè. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo bínú sí òkun, mo bínú sí àṣà wa, ìbínú náà kò sì ṣe mí láǹfààní kankan.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá ń gbé báyìí. Ó bi mí ohun tí mò ń kà, mo sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí n gbé òun lọ sí Kpogan.

Kẹ́ẹ̀gì pupa kan ń léfòó níbi tí yàrá náà wà tẹ́lẹ̀.

"Wò ó, ọmọ mi. Ẹnì kan ti bá wa so àmì mọ́ bàbá yín."

Mo mọ̀ pé àwọ̀n apẹja ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni mo wí.

A jókòó sórí iyanrìn títí àwọn apẹja méjì fi wa ọkọ̀ wọn dé, tí wọ́n ń fa okùn náà. Màmá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, bí ìgbà tó bá fẹ́ pàdé ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi èdè Mina, tí wọ́n ń sọ létíkun níbẹ̀, bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí.

Wọ́n ní ẹja ni.

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Màmá ṣì dúró, ó ń wo ojú omi, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí mo lè nàka sí fún un.